Ọdún Mẹ́ta Pẹ̀lú Fáànù Ààrò: Eruku Àti Òòfà Kan

Kí n tó ra fáànù yìí, ẹni tó bá jókòó ti ààrò wa á máa làágùn, ẹni tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn á sì máa gbọ̀n. Àpótí irin tí a tì bọ inú ààrò ara ògiri náà ń gbóná dáadáa o, àmọ́ ìdí rẹ̀ níbẹ̀ ni ooru ń jókòó sí. Fáànù ló wá lé e jáde. Ìsàlẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́ tútù inú yàrá, á tì í gba àárín irin méjì tó yí ibi iná ká, á sì tú u jáde lókè ní gbígbóná. Afẹ́fẹ́ yẹn ò fojú kan èéfín rárá. Èéfín ní ihò tirẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo dáná, mo tan súìsì, kẹ́kẹ́ pa. Díẹ̀ ló kù kí n dá a padà. Mi ò mọ̀ pé súìsì kékeré kan wà lára àpótí irin náà tó ń dúró de ooru kó tó jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá. Tèmi ń tan ní nǹkan bí ìwọ̀n 45 ti Celsius, á kú tó bá tutù dé bíi 32. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí fáànù tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ á máa tu iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn lára, gíláàsì ilẹ̀kùn á sì dúdú. Ní báyìí, bí ìdajì wákàtí ni mo fi ń dúró dè é.

Ọdún kejì ló dá mi lágara. Ó ń kùn, ó ń gbọ̀n débi pé ife tí mo gbé sórí ààrò ń rìn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tutù, mo yọ ọ́ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tú súkúrù rẹ̀, mo fà á jáde. Ha! Kẹ̀kẹ́ fáànù méjèèjì, tó rí bí àgò adìyẹ tí wọ́n dá dùbúlẹ̀, ni irun ajá àti eruku ti dí. Ìdọ̀tí yẹn pọ̀ sápá kan ju ìkejì lọ, òun ló ń mì í. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni mo fi ha á, mi ò jẹ́ kí omi kàn án. Ní ti ọ́ìlì, ẹ yẹ ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò ná: tó bá ní ihò ọ́ìlì, ẹ kán ọ́ìlì ẹ̀rọ tó ṣàn sí i lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n dé pa, ẹ fi í jẹ́ẹ́. WD-40, ọ́ìlì inú agolo tí wọ́n ní kí n fín sí i, gbẹ láìpẹ́, ariwo sì padà.

Lọ́dún yìí, ó tún dákẹ́. Mo ti ń wá ẹ́ńjìnnì tuntun kiri kí ọmọ mi tó bi mí pé, “Súìsì ooru yẹn ńkọ́?” Òòfà tó fi lẹ̀ mọ́ irin ti yẹ̀. Èmi náà ni mo tì í ṣubú nígbà tí mo ń dá fáànù padà sáyè rẹ̀! Mo lẹ̀ ẹ́ padà, mo dáná, ó ké.

Tí mo bá yí eré rẹ̀ dé òpin, ó máa ń kùn bí ẹ̀fọn, nítorí náà àárín ni mo ń fi í sí. Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìwé ìlànà rẹ̀ ló jẹ ìkan tó kù: kò sọ̀rọ̀ òòfà yẹn rárá.