Àga pákó bíi lẹ́tà Z àti àga ike aláìlẹ́sẹ̀: èwo ni kí a rà?

Kò sí ẹni tó kọjá níwájú àga méjì yìí níbi ìpàtẹ àga l'Abẹ́òkúta tí kò dúró wò ó, torí méjèèjì ò lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀kan jẹ́ pákó mẹ́rin tí wọ́n tò bíi lẹ́tà Z. Èkejì jẹ́ ike kan ṣoṣo tó tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ láti ìfẹ̀yìntì dé ilẹ̀. Àrà náà ti pẹ́. Gerrit Rietveld, ọmọ Netherlands, ló ṣe ti pákó ní 1934. Ti ike jẹ́ iṣẹ́ Verner Panton, ọmọ Denmark, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1967.

Ti pákó ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Oríkèé rẹ̀ ló ń gbé gbogbo ìwúwo ẹni tó jókòó, ìdí nìyẹn tí Rietveld fi ki igi onígun mẹ́ta bọ kọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo kọ̀rọ̀ èyí tí wọ́n pàtẹ: ìṣó àti gọ́ọ̀mù lásán! Ẹ má ra irú ẹ̀ rárá, ewu ni.

Ti ike fúyẹ́, ó rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń sọ ike di ẹlẹgẹ́, tó bá sì ti là, ó parí.

Èmi yóò mú ti pákó, bí káfíńtà tó mọṣẹ́ bá fi ìrókò kàn án, kí n sì fi àdìrẹ Ìtòkú rán tìmùtìmù rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìyá àgbà, ẹ má ra ìkankan: kò síbi tí wọn yóò fọwọ́ tì dìde.