Máàpù ìṣàn òkun ti IOOS: ṣé ọfà tó sún mọ́ra ló ríran jù?

Ètò IOOS, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ṣọ́ òkun, máa ń gbé máàpù ìṣàn ojú òkun jáde ní wákàtí wákàtí, lọ́fẹ̀ẹ́, fún ẹnikẹ́ni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ọfà kéékèèké ló fi ń júwe ibi tí omi kọjú sí àti bó ṣe ń sáré tó, èèyàn sì lè yàn kí àwọn ọfà náà fi kìlómítà 6, 2 tàbí 1 jìnnà síra. Kìlómítà 1 ni ojú kọ́kọ́ máa ń lọ, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló yẹ bẹ́ẹ̀.

Ràdá tó wà létí òkun ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìgbì rédíò rẹ̀ a lọ kan ìgbì òkun tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdajì tirẹ̀, a sì padà wá jíṣẹ́ bí omi ṣe ń rìn. Èyí tó ń lo MHz 5 (MHz àti kHz ni wọ́n fi ń wọn bí ìgbì rédíò ṣe ń yára mì tó) lè ríran dé nǹkan bíi kìlómítà 200, ṣùgbọ́n bí àyè tí wọ́n fún un lórí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ kHz 25 péré, kò lè ya ibi méjì tí kò tó kìlómítà 6 síra sọ́tọ̀, bó ti wù kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ mú tó. Kó tó lè ríran ní kìlómítà 1, kHz 150 ló ń fẹ́. Òkè, níbi MHz 25, ni wọ́n sì sábà ti ń rí irú àyè bẹ́ẹ̀, níbi tí ojú ràdá kì í ti í ju bíi kìlómítà 40 lọ.

Ní Golden Gate, ní San Francisco, ọfà tó sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣejù rárá, nítorí ẹnu tóóró tí omi ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde níbẹ̀ kò fẹ̀ ju bíi kìlómítà 1.6 lọ níbi tó ti fún jù. Nígbà tí ọkọ̀ Cosco Busan da epo sínú omi ibẹ̀ ní 2007, ìsọfúnni ràdá wà lára ohun tí wọ́n fi tọpa epo náà.

Ìṣòro tí máàpù kì í fi han ojú ni ti igun. Ọ̀pọ̀ ràdá IOOS jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní SeaSonde, tí áńtẹ́nà mẹ́ta rẹ̀ wà lórí òpó kan ṣoṣo, tó sì ń fi ìṣirò mọ igun tí ìgbì rédíò ti padà wá. Bí ìṣirò náà bá fi dígírì 5 ṣìnà, ní kìlómítà 40, ọfà ti yẹ̀ ní bíi kìlómítà 3.5! Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ọkọ̀ ojú omi yí áńtẹ́nà ká láti wọn bó ṣe ń gba ìgbì rédíò láti igun kọ̀ọ̀kan. Ràdá WERA ti ilẹ̀ Jámánì, tí áńtẹ́nà rẹ̀ lè tó 16 lórí ìlà, ń ya igun sọ́tọ̀ dáadáa jù, àmọ́ ó ń fẹ́ etíkun gbọọrọ tí kì í rọrùn láti rí.

Lójú tèmi, yàtọ̀ sí ẹnu tóóró bíi ti Golden Gate, ọfà kìlómítà 2 ló dára jù fún ẹni tó wà nítòsí èbúté, kìlómítà 6 sì tó fún ojú agbami.