Wọ́n ní tọ́bò ti kú, sàlẹ́ńsà ló dí: bí ṣọ́ọ̀bù yìí ṣe ṣe mí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bọ́ọ̀sì dísẹ́ẹ̀lì olótọ́bò (tọ́bò lẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì), kẹ́ ẹ tó gbà kí wọ́n pààrọ̀ tọ́bò yín, ẹ ka èyí ná.

Bọ́ọ̀sì mi ò fà mọ́. Tó bá ti kan òkè, mo lè tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá, á kàn máa kùn ni, dísẹ́ẹ̀lì ń lọ bí omi. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ki sìkánà, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wo àìsàn mọ́tò, bọ̀ ọ́, sìkánà ní afẹ́fẹ́ tọ́bò ò tó, ló bá ní tọ́bò ti kú nìyẹn. Mo ní ṣé kì í ṣe pé èéfín ò ráyè jáde? Ó ní rárá, òun ti wo sẹ́ńsọ̀ DPF, ìyẹn fílítà tó ń sẹ́ èéfín dísẹ́ẹ̀lì, ó mọ́ tónítóní. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ju kọ̀ǹpútà lọ ni?" Inú bí mi, mo ti na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́ mi.

Ni ọmọbìnrin kan bá yọrí lábẹ́ mọ́tò kejì. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ìyàtọ̀ agbára èéfín níwájú fílítà àti lẹ́yìn ẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ yẹn ń wọ̀n. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn fílítà lọ́hùn-ún ló ti dí, méjèèjì á jọ ga ni, sẹ́ńsọ̀ ò ní rí nǹkan kan." Mo fẹ́ẹ̀ pàtẹ́wọ́!

Ó fa rọ́bà sẹ́ńsọ̀ tiwájú yọ, ó fi géèjì ọlọ́wọ́ tó ń wọn agbára èéfín sẹ́nu ẹ̀, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ iná kí ẹ́ńjìnnì máa yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan." Abẹ́rẹ́ géèjì gun òkè, ó kọjá 0.4 bar, ó dúró síbẹ̀ ó ń gbọ̀n. Ó gbé e sí rọ́bà tẹ̀yìn, iye yẹn náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Kò sọ̀rọ̀ o, ó kàn wo ojú ọ̀gá. Wọ́n tú sàlẹ́ńsà tó wà lẹ́yìn fílítà sílẹ̀, abẹ́rẹ́ já wálẹ̀. Irin inú ẹ̀ ló ti jẹrà tó wó dí ojú ọ̀nà, tó mì ín ó ń ró ṣàkàṣàkà. Èéfín ló sì ń yí tọ́bò, tí èéfín ò bá rọ́nà lọ, kí ni tọ́bò fẹ́ ṣe?

Inú mi dùn títí mo fi dé ibi owó. Wọ́n kọ owó sìkánà, wọ́n tún kọ owó géèjì lọ́tọ̀! Sìkánà tó fẹ́ẹ́ kó mi sí gbèsè tọ́bò ni mo tún ń sanwó fún? Ọ̀gá ní owó àyẹ̀wò lowó àyẹ̀wò. Ó tún wá ń sọ fún kọ́sítọ́mà míì lójú mi pé "a ti bá wọn rí i", ta ló bá wọn rí i? Mo gbé mọ́tò kúrò, òórùn èéfín kún inú ẹ̀, àṣé ẹni tó dá rọ́bà padà ò fún kílíìpù ẹ̀ dáadáa. Mo padà, ọmọ iṣẹ́ kan fún un, ẹnì kan ò sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́.

Mọ́tò ń fà báyìí o, òkè tó ń dá a dúró tẹ́lẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹ̀ mọ́.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Tó bá tún yọnu, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mò ń gbé e lọ, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn ni màá fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́.