Watsi: Dídá Owó Iṣẹ́ Abẹ Ojú fún Ẹni Tí A Kò Mọ̀ Rí

Ọ̀pọ̀ wa ni ó ti fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí a rí lábẹ́ àwòrán aláìsàn lórí WhatsApp, tí a kò sì gbúròó nǹkan kan mọ́ títí di òní. Ìdí tí mo fi gbóríyìn fún Watsi nìyẹn, ojúlé orí ayélujára tí ènìyàn ti ń wo àwòrán àwọn aláìsàn, tí yóò sì dáwó fún ìtọ́jú ẹni tí ó bá yàn. Owó tí ènìyàn bá dá níbẹ̀ kì í bọ́ sọ́wọ́ aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀. Ìtọ́jú ni gbogbo rẹ̀ ń bá lọ, nítorí ibòmíràn ni owó ọ́fíìsì ti ń wá, wọ́n sì máa ń kọ̀wé sí ẹni tí ó dáwó láti sọ bí ara aláìsàn náà ṣe rí lẹ́yìn ìtọ́jú.

Chase Adam, ará Amẹ́ríkà, ni ó dá a sílẹ̀ ní 2012, lẹ́yìn tí ó rí obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì ní Costa Rica tí ń tọrọ owó ìtọ́jú ọmọ rẹ̀. Orúkọ ìlú tí bọ́ọ̀sì náà ń gbà kọjá ni Watsi.

Nínú gbogbo àìsàn tí wọ́n ń dáwó fún, ti ojú ni mo rí pé ó bá ètò yìí mu jù. Bí cataract bá ti mú kí awò inú ẹyinjú ṣú, tí aláìsàn ń wo ayé bí ẹni tí ó wà nínú kùrukùru, dókítà ní Children's Surgical Centre ní Phnom Penh, ní Cambodia, yóò yọ ọ́, yóò sì fi awò oníke rọ́pò rẹ̀. A mọ iye rẹ̀ ṣáájú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń san án, ọ̀pọ̀ aláìsàn a sì ti máa ríran láàárín ọjọ́ díẹ̀. (Láti 1992 ni ilé iṣẹ́ Aurolab ní Madurai, ní Íńdíà, ti ń ṣe awò oníke yìí ní olówó pọ́ọ́kú, láìsí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwa tí a ń dá dọ́là 5 kì bá tí ì rí nǹkan kan ṣe.)

Ibi tí ó kù sí ni pé glaucoma, àìsàn tí ń ba iṣan ìríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò bá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mu: ìríran tí ó bá ti gbà lọ kì í padà, oògùn tí a ó máa kán sójú lójoojúmọ́ kì í sì í mú ẹ̀rín wá fún ẹni tí yóò ya fọ́tò. Mo tún kíyè sí ara mi pé àwòrán ọmọdé ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, tí n óo sì fo bàbá arúgbó kọjá. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó sàn kí ènìyàn máa san owó oṣooṣù sínú Universal Fund wọn, kí Watsi fúnra rẹ̀ pín in fún aláìsàn tí ó bá kàn.