Mo ti parí mástà iná mànàmáná ní Jámánì: bí mo ṣe rí i rèé

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé ní Jámánì: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni. Ìpínlẹ̀ Hesse ni mo wà, n kò san kọ́bọ̀ owó ilé-ìwé. Owó sáà nìkan ni mò ń san, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gba ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg lọ ní tirẹ̀ máa san 1,500 yúrò ní sáà kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ kí n tó rí físà gbà ní 2023, 11,208 yúrò ni mo ní láti kó sínú àkáǹtì kan tí wọ́n tì pa, wọ́n wá ń tú 934 sílẹ̀ fún mi lóṣooṣù. Wọ́n ti sọ ọ́ di 11,904 lẹ́yìn tèmi. Ilẹ̀ tí bàbá mi rà sí Ìkòròdú ló bá a lọ.

Ẹ̀kọ́ gan-an ńkọ́? Nílé, nǹkan bí ogún èèyàn la máa ń rọ̀gbà yí oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sójú gíláàsì) kan ṣoṣo ká, ẹni tó bá ga ló ń rí i. Níbí, èèyàn méjì ló ni tábìlì kan, kò sì sí ibi tí èèyàn lè sá sí.

Iná tiwọn àti tiwa, 50 hertz kan náà ni, ìyẹn ni pé ìgbà àádọ́ta ló ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Olùkọ́ wa ní bí iye yẹn bá já wálẹ̀ dé 49, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná àwọn àdúgbò kan kí gbogbo rẹ̀ má bàa dojú dé. Bó bá fi dé 47.5, àwọn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná á já ara wọn kúrò lórí wáyà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣe ìṣirò. Èmi ń rántí I-better-pass-my-neighbour ilé wa: bí ẹnì kan bá ti ki áyọ́ọ̀nù bọ sókẹ́ẹ̀tì, ohùn ẹ̀rọ á lọ sílẹ̀, fáànù á máa wọ́ ẹsẹ̀. Ohun tí mo ti fi etí mọ̀ láti kékeré ni wọ́n ń kọ sójú pátákó. Mo gbádùn kíláàsì yẹn ju gbogbo èyí tó kù lọ.

Ìdánwò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi wálé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lópin sáà ni, kò sí máàkì tẹ́ẹ̀sì tó máa gbani sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wọn, ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti kúrò nínú ẹ̀kọ́ yẹn nìyẹn, káàkiri Jámánì. 1.0 ló dára jù lọ́dọ̀ wọn, 5.0 ni òdo. Mo pe màmá mi pé 5.0 ni mo gbà nínú iṣẹ́ kan, wọ́n ti ń súre fún mi kí n tó rí àyè ṣàlàyé.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa, ibẹ̀ ni ìtànjẹ wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí mo kọ̀wé sí fẹ́ èdè Jámánì, iṣẹ́ ẹrù gbígbé ni mo sì ṣe fún oṣù mẹ́jọ kí èdè náà tó yọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti ilé. Òtútù, ẹ ti gbọ́ tìyẹn tó.

2.0 ni mo fún mástà náà, máàkì tiwọn o, kì í ṣe tiwa.