Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: èwo ló tó kéèyàn ná dátà sí?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pariwo yìí, owó wà nínú ẹ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, dátà sì lowó tiwa, àgàgà látìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti gbà ní January 2025 káwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fowó kún owó wọn títí dé 50%. Tẹ́ ẹ bá san ti dátà tán, àwọn kan tún ń dúró dè yín nídìí sátífíkéètì. Àwọn tó ń yà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ìta-Ẹlẹ́wà, ní Ìkòròdú níbí, wọ́n á ní "ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n ṣe nínú gbogbo ẹ̀?", èmi náà á bi wọ́n pé ìmọ̀ lo fẹ́ ni àbí pépà, ṣé fóònù nìkan lo ní àbí láptọ́ọ̀pù wà ńlé.

Ká mú ọmọ tó ń múra WAEC àti JAMB. Khan Academy ni kó kọ́kọ́ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Salman Khan tó dá a sílẹ̀, ọmọ mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan ló ń kọ́ ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn ní 2004, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ju fídíò sórí YouTube, nígbà tó fi máa di 2008 ó ti sọ ọ́ di àjọ tí kì í wá èrè, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní bá ìpolówó níbẹ̀, tí wọn ò sì ní dédé tìlẹ̀kùn mọ́ yín láàárín ẹ̀kọ́. Mátíìsì wọn dáa gan-an ni. Tọ́mọ bá gba ìbéèrè kan kù, ó lè ní kí wọ́n fi ọ̀nà ẹ̀ han òun ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó tún òmíràn ṣe, kó tún ṣe, tíṣà lẹ́sìn wo ló ní irú sùúrù yẹn? Àmọ́ ti Amẹ́ríkà ni o, máìlì àti dọ́là ni wọ́n fi ń ṣèṣirò, Yorùbá ò sí níbẹ̀, ìjọba Nàìjíríà tí wọ́n ń bèèrè nínú Government ò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni YouTube ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, torí àwọn tíṣà tiwa wà níbẹ̀ tí wọ́n ń já ìbéèrè JAMB àtẹ̀yìnwá bó ṣe wà gan-an. Ẹ fi bí àwòrán fídíò ṣe máa mọ́ tó sí 360p, 144p ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí ohun tí wọ́n kọ sójú bọ́ọ̀dù. Wàhálà YouTube ni pé ọmọ á ní físíìsì lòun ń wò, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́, ẹ̀rín àwọn aláwàdà lẹ máa gbọ́.

Fún àgbà tó ń wá pépà, Coursera, edX àti Alison ni orúkọ tí mo máa ń gbọ́ jù. 2012 ni Coursera àti edX bẹ̀rẹ̀, Coursera látọwọ́ Andrew Ng àti Daphne Koller tí wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì Stanford, edX látọwọ́ yunifásítì Harvard àti MIT kí wọ́n tó tà á fún ilé-iṣẹ́ 2U ní 2021. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ jinlẹ̀ ju ti Alison lọ, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ sí edX, wọ́n máa ń fún yín lọ́jọ́ ni, tọ́jọ́ bá pé ilẹ̀kùn á tì, ìdánwò tó ní máàkì sì sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó sanwó. Coursera náà ò fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, àmọ́ wọ́n ní ààyè kan tẹ́ ẹ ti lè kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n bá yín gbé owó tàbí kí wọ́n dín in kù, ẹ ṣàlàyé ara yín dáadáa, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù torí ó lè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí wọ́n tó dáhùn. Alison tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ireland ní 2007, ẹ máa kà á tán lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ máa ṣèdánwò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ gba 80% kẹ́ ẹ yege, ìpolówó á máa yọ lójú yín, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú sátífíkéètì ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ sanwó.

Àbúrò kan tó ń wáṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Odogunyan gbé fóònù wá kí n bá a tẹ sátífíkéètì ààbò ibiṣẹ́, ibì kan báyìí tí mi ò ní dárúkọ ló ti ṣe é, a débẹ̀, àwòrán kékeré tó ṣú ni, iye owó ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ó kàn ń wo ojú mi. Ẹ wá owó sátífíkéètì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, jọ̀ọ́.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ká má fọ̀rọ̀ gùn, freeCodeCamp. Látọdún 2014 ni Quincy Larson ti dá a sílẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, sátífíkéètì ọ̀fẹ́, ìwé kíkà àti kóòdù títẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe fídíò, kì í jẹ dátà púpọ̀. Ẹni tí ò ní láptọ́ọ̀pù máa jìyà o.

Fún onífóònù lásán, OpenLearn ti Open University ní ìlú ọba ni tèmi, ó wù mí ju Alison lọ. Ìtàn, ìlera, owó, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ látọdún 2006, ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì lẹ lè dáńlóòdù ní PDF kẹ́ ẹ máa kà á láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tẹ́ ẹ bá parí wọ́n á fún yín ní ìwé ẹ̀rí pé ẹ kópa, lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe dìgírì ṣá.

Àwọn ọmọ LASUSTECH, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ìkòròdú níbí, tó ń ṣe ẹnjiníárìn, MIT OpenCourseWare ni kí wọ́n lọ, nóòtì, ìdánwò àti ìdáhùn, kódà fídíò Ọ̀jọ̀gbọ́n Gilbert Strang lórí linear algebra, ẹ̀ka ìṣirò kan, ẹ ò tiẹ̀ ní forúkọ sílẹ̀. Pépà ò sí níbẹ̀ rárá. Tó bá sì jẹ́ òfin tàbí bísínẹ́ẹ̀sì ti ilẹ̀ wa, ìwé NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn ní PDF, ó gbẹ bíi pọ̀nmọ́ tí wọn ò tíì rẹ, ṣùgbọ́n tiwa ni. Ẹ má sì gbé odindi ìwé wá pé kí n tẹ̀ ẹ́ o, orí tẹ́ ẹ fẹ́ kà lọ́sẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ mú wá.