Ṣọ́ọ̀bù alignment kan ní Challenge, àti mọ́tò tuntun mi tó ń fà sósì

Tí ẹ bá ń gba Ring Road bọ̀ wá sí Challenge, ẹ máa rí ọgbà kan tí wọ́n fi páànù bo iwájú rẹ̀. Pátákó wọn ò ní orúkọ, "Wheel Alignment & Balancing" nìkan ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ síbẹ̀. Alignment ni kí wọ́n to ẹsẹ̀ mọ́tò kó lè máa lọ tààrà. Ibẹ̀ ni mo gbé mọ́tò mi lọ.

Tíárọ́bà ni mọ́tò ọ̀hún o, ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó ẹ̀yìn. Àmọ́ láti Akóbọ̀ títí dé Gbági tí mo ti ń tajà, òsì ló ń yà sí. Kí n kàn dẹ ọwọ́ lára sítíárìn báyìí, ó ti fẹ́ kọjú sí àwọn tó ń bọ̀. Mo pe àwọn tó tà á fún mi, wọ́n ní ọ̀nà Ìbàdàn ni, pé kò sí nǹkan tó ṣe mọ́tò. Ọ̀nà Ìbàdàn kẹ̀? Láti 1972 la ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ní Nàìjíríà, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí títì dà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí omi òjò lè rí gọ́tà wọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀nà ló ń fà á, apá gọ́tà ló yẹ kó máa lọ, ìyẹn ọ̀tún. Tèmi ń lọ sósì.

Ọ̀gá ibẹ̀ ò sáré gbé mọ́tò sórí ẹ̀rọ, ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán an nìyẹn. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wà á kí n rí i." Ó bi mí bóyá ìgbà tí mo bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń fà, àbí ìgbà tí mo bá tẹná, àbí nígbà gbogbo. Mo ní nígbà gbogbo ni. Bí a ṣe padà dé, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ táyà kọ̀ọ̀kan: tí bíréèkì bá di ọ̀kan mú tí kò tú u sílẹ̀, ìyẹn á gbóná ju àwọn yòókù lọ. Kò sí èyí tó gbóná.

Ó ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ó ka iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, 33, ó wá fi géèjì wọn táyà. Gbogbo wọn ló lé ní 40! Wọ́n máa ń fún táyà mọ́tò tuntun ní àfikún kó má baà tẹ́ lójú kan nígbà tí wọ́n bá ń kó o rìn lójú omi, ẹni tó ń tà á ló yẹ kó dín in kù kó tó gbé e fún oníbàárà. Ó dín in kù. Ìgbà tí a tún jáde, ara mọ́tò rọ̀, àmọ́ òsì ló ṣì ń lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀gbẹ́ táyà bóyá àmì ọfà wà níbẹ̀, torí èyí tó bá ní ọfà kò ṣeé gbé sí apá kejì. Kò sí. Ó gbé táyà iwájú òsì sọ́tùn-ún, ó gbé ti ọ̀tún sósì, a tún jáde. Mo dẹ ọwọ́: ọ̀tún ni mọ́tò yà sí! Mo pariwo "Ha!", ọkùnrin yẹn kàn rẹ́rìn-ín. Táyà ló ń fà á. Ó ní nígbà míì, wáyà inú táyà kì í jókòó dọ́gba nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, á wá máa yí bí ife tó dùbúlẹ̀, tí ẹ bá tì í, kò ní lọ tààrà. Ojú ò lè rí i. Ó gbé èyí tó ń dà á láàmú sẹ́yìn, mọ́tò sì lọ tààrà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ara ojú ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ ló tan àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé alignment rẹ̀ dára, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún mi. ₦15,000 ni mo san.

Mo ní ẹjọ́ tèmi náà o. Ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ fi dandan ta balancing fún mi. Sítíárìn tó ń gbọ̀n nìyẹn wà fún, tèmi ò gbọ̀n. Wọ́n tún fẹ́ fi ìbọn afẹ́fẹ́ lọ nọ́ọ̀tì pa títí tí kò ní ṣeé tú lójú ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ lọ̀ ọ́, ọmọ náà fajú ro, àmọ́ ó ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ wọn ń pariwo bí i pé ó ń bínú sí èèyàn, bẹ́ǹṣì igi kan ṣoṣo ni gbogbo oníbàárà ń pín.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Sátidé, èrò máa ń pọ̀. Kí ẹ sì rí i pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù, torí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, orí ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń gbé mọ́tò sí kí wọ́n tó béèrè ohun tó ń ṣe é. Èmi máa gbé bébà yẹn lọ bá àwọn tó tà á, kí wọ́n bá mi pààrọ̀ táyà yẹn.